Ibi tí èsì àyẹ̀wò àrùn ìbálòpọ̀ ti ń bàjẹ́

Láti Láfẹ́nwá dé Ìdí-Àbà, èsì tó ń da ilé rú jù ní Abẹ́òkúta níbí ni èyí tí wọ́n kọ "Staph aureus", orúkọ kòkòrò àìfojúrí kan, sí. Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀. Ihò imú àti awọ ara ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ṣàìsàn ló ń gbé. Bí swab, igi olówùú tí wọ́n fi ń gba nǹkan àyẹ̀wò, bá ti fara kan itan pẹ́rẹ́, ó ti bá a dé láàbù nìyẹn. Síbẹ̀ wọ́n á máa gún abẹ́rẹ́ ṣáá, ọkọ á máa fura sí ìyàwó. Ó ń dùn mí gan-an.

Àtọ̀sí tó yẹ kí wọ́n wá ló ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Lára obìnrin, ọrùn ilé ọmọ ló ń gbé. Kí nọ́ọ̀sì fi ohun èlò tí wọ́n ń pè ní speculum la ojú ara, kó nu ikun tó bo ẹnu ọrùn náà, kó tó ki swab tuntun bọ̀ ọ́, kó sì yí i díẹ̀díẹ̀. Òtútù àti gbígbẹ ló ń pa kòkòrò yìí, nítorí náà swab tó bá wọ firíìjì ti bàjẹ́. Orí chocolate agar, oúnjẹ tí láàbù fi ń tọ́ kòkòrò, ló ń hù, ní 35 sí 37°C, nínú ìkòkò tí wọ́n tan àbẹ́là sí kí wọ́n tó dé e pa. Ẹni tó bá ti gbé kápúsù apakòkòrò mì kó tó wá, kòkòrò rẹ̀ lè má hù, bẹ́ẹ̀ àrùn ṣì wà lára.

*

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, fún ọ̀rọ̀ swab tí ẹ sọ. Ẹ jẹ́ kí èmi náà fi ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kún un.

Kit HIV tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ìka ṣe lè má rí nǹkan kan títí di ọjọ́ 23 sí 90 lẹ́yìn tí àrùn wọlé. Àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ kan kò fọkàn ẹnikẹ́ni balẹ̀. Bí ìlà méjì bá sì yọ lórí kit àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ kò tíì parí; kit mìíràn gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i. Ẹ wo ibi tí wọ́n ń kó o sí pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ kit kò fẹ́ ju 30°C lọ, ooru wa sì ń kọjá bẹ́ẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ibà tàbí oyún lè mú kí VDRL, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún sífílíìsì, sọ pé àrùn náà wà níbi tí kò sí. TPHA, àyẹ̀wò tó ń jẹ́rìí sí i, ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n àmì tí TPHA ń rí kì í sábà kúrò lára ẹni tó ti gba ìtọ́jú, nítorí náà iye RPR, àyẹ̀wò tó jọ VDRL, ni kí ẹ máa ṣọ́: bó bá lọ sílẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin, bíi láti 1:32 dé 1:8, oògùn ti ṣiṣẹ́.