TB (ikọ́ ẹ̀gbẹ): ibo ni kí n fi àwọn tó ń lo oògùn sí nínú módẹ́ẹ̀lì (ìṣirò tó ń fi bí àrùn ṣe ń ràn hàn)?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, OAU ni mo wà, mò ń ṣe prójẹ́ẹ̀tì lórí bí ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣe ń ràn. SIR tí Kermack àti McKendrick gbé jáde ní 1927 ni mo fi bẹ̀rẹ̀ (àpótí mẹ́ta ló pín èèyàn sí: S, ẹni tó lè kó àrùn; I, ẹni tó ń ran ẹlòmíì; R, ẹni tó ti sàn), àmọ́ kò sáyè fẹ́ni tó ń lo oògùn níbẹ̀. Ṣé kí n kó wọn sí R ni?

Ọmọ Modákẹ́kẹ́: Rárá o! Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn ò tíì sàn, oṣù 6 ni ìtọ́jú TB sábà máa ń gbà, àwọn míì á sì dá a dúró lóṣù kejì torí ikọ́ ti lọ ara ti yá, wọ́n á ní kí ni wọ́n tún ń lò ó fún. Ya àpótí T fún wọn lọ́tọ̀, fa ọfà láti I sí T, láti T sí R, kó o wá fa èyí tó ń padà sí I fáwọn tó já oògùn sílẹ̀. Má fojú kéré ìyẹn o, ibẹ̀ ni TB tí oògùn ò ká mọ́ ti lè yọjú.

Nọ́ọ̀sì Iléṣà: Òótọ́ ni. Àpótí E náà ńkọ́, ti àwọn tó ti kó o àmọ́ tí kò tíì ṣe wọ́n? Kòkòrò yẹn lè sùn sára èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún láì ran ẹlòmíì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀: Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n. Tí R0 (iye èèyàn tí aláìsàn kan máa kó o ràn níbi tí ẹnikẹ́ni ò tíì ní in) bá wá kéré sí 1, ṣé ó parí nìyẹn?

Ọmọ Modákẹ́kẹ́: Kò dájú. Ẹni tó ti kó o tẹ́lẹ̀ tún lè kó o, ìyẹn lè fa backward bifurcation (kí àrùn ṣì lè máa wà nìṣó bí R0 tilẹ̀ kéré sí 1), tó bá wà níbẹ̀, kí R0 kéré sí 1 nìkan ò tó.