Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: físíò nílé fún Màmá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìgbáròkó

ỌmọMókọ́lá
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Màmá wa, ọmọ ọdún 76, ṣubú ní balùwẹ̀ lóṣù tó kọjá, egungun ìgbáròkó ẹsẹ̀ òsì sì ṣẹ́. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Ó di ọjọ́ 9 lónìí tí a ti gbé wọn délé, níbí ní Ìbàdàn. Ní wọ́ọ̀dù, wọ́n ń fi wọ́kà, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń dì mú rìn, rìn dé ẹnu ọ̀nà. Àtìgbà tí a ti délé, wọn ò fẹ́ dìde mọ́. Wọ́n ní ó ń dun àwọn, pé ká jẹ́ kí àwọn sinmi. Àbúrò mi ní ká má yọ wọ́n lẹ́nu kí egungun lè jọ. Àǹtí wa kan tilẹ̀ ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ tó fẹ́ máa wá fi àdí àgbọn àti róòbù ra ẹsẹ̀ wọn láràárọ̀.

Oníṣẹ́ físíò, ẹni tó ń fi eré ìmárale ran aláìsàn lọ́wọ́ láti tún máa rìn, tó máa wá sílé ni èmi ń wá. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, irú ẹni wo ni ká gbà? Kí ni ká kọ́kọ́ bi í?

ÌyáÌbejì_Òṣogbo
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Olúwa á wò wọ́n sàn. Kí ẹ tó wá ẹnikẹ́ni, ẹ dá ẹni tó fẹ́ ra ẹsẹ̀ yẹn dúró lónìí. Àgbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìgbáròkó fún, tó tún ń dùbúlẹ̀ ṣáá, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá wá ń tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń rà á, ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn lè ṣí kúrò, kó gba inú iṣan lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹ bá rí i pé ẹsẹ̀ kan wú ju èkejì lọ, tó gbóná, tó ń dùn wọ́n lẹ́yìn lábẹ́ orúnkún, ẹ gbé wọn padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Bí èémí wọn bá ń gé tàbí àyà ń dùn wọ́n, ẹ má dúró bi ẹnikẹ́ni rárá, ọsíbítù ni.

ỌmọMókọ́lá
Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ti pe Àǹtí. Inú wọn ò dùn, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́.

Físíò_Bódìjà
Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe, ilé sí ilé ni mo sì ń lọ jù báyìí. Ìwé tí ọsíbítù fún yín ni kí ẹ kọ́kọ́ mú jáde. Ṣé irin ni wọ́n fi kan egungun náà pọ̀, àbí wọ́n pààrọ̀ orí egungun? Ṣé wọ́n gbà kí Màmá fi gbogbo agbára tẹ ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀? Bí kò bá sí nínú ìwé, ẹ pe ẹni tó ṣiṣẹ́ abẹ náà. Físíò tó bá wọlé tí kò béèrè ìwé yìí, tó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ sókè sódò, ẹ máa ṣọ́ra fún un.

Ẹ bi í bóyá ó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Medical Rehabilitation Therapists Board, àjọ tí òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 1988 láti bójú tó iṣẹ́ wa. Kí ó fi ìwé àṣẹ rẹ̀ hàn yín. Ẹni tó kàwé iṣẹ́ náà kì í bínú sí ìbéèrè yẹn. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń ra ènìyàn lára ń pe ara wọn ní físíò káàkiri.

Bí ó bá jẹ́ pé orí egungun ni wọ́n pààrọ̀, ó ṣeé ṣe kí dókítà kìlọ̀ pé kí Màmá má tẹ̀ jù níbi ìgbáròkó, kí wọ́n má sì gbé ẹsẹ̀ kan kọjá lórí èkejì. Nílé wa, àpótí ìdáná tó rẹlẹ̀ ni ọ̀tá òfin yìí. Ẹ gbé gbogbo àpótí kúrò lójú wọn. Àga tó ga, tó le, tó lápá méjèèjì ni kí wọ́n máa jókòó lé. Ti sísinmi títí egungun á fi jọ, ẹ sọ fún àbúrò yín pé ìdí tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ gan-an ni kí Màmá lè tètè dìde. Iṣan àgbà tó ń dùbúlẹ̀ máa ń yára joro. Egbò á yọ ní ìdí àti gìgísẹ̀, ikọ́ á wọlé sí àyà. Bí ìrora bá ni ìdíwọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n lo oògùn ìrora tí dókítà kọ ní nǹkan bí ìdajì wákàtí sí wákàtí kan ṣáájú ìrìn.

AdéManchester
Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe tèmi. Abẹ́òkúta ni ìyá ìyàwó mi wà nígbà tí irú èyí ṣẹlẹ̀, èmi ni mo ń fowó ránṣẹ́. A gba ọkùnrin kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló ń wá. Wákàtí kan ló máa ń lò, yóò gbé ẹsẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́, yóò gbowó, ó di ọ̀tunla. Láàárín ìyẹn, Màmá ò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Oṣù méjì kọjá, ìlọsíwájú kankan ò sí.

Obìnrin tó tẹ̀lé e ò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ. Ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ Màmá ló ń kọ́: bí yóò ṣe dúró ní ẹ̀gbẹ́ wọn, iye ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ dìde lórí àga kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó lẹ ìwé mọ́ ògiri, ọmọ náà ń fàmì sí i, ó ń ya fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹfà, Màmá ń dá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Níbí, ní England, ìjọba lè fi àwọn olùrànlọ́wọ́ ránṣẹ́ sílé ẹni tó jáde ní ọsíbítù lọ́fẹ̀ẹ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6. Mo rí i lọ́dọ̀ bàbá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọn kì í bá a po tíì. Wọ́n á dúró tì í títí á fi pò ó fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tèmi fún ẹni tí ẹ bá fẹ́ gbà ni: "Ta ni wàá kọ́ nínú ilé yìí?" Ẹ má sì san owó oṣù kan papọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Àlájà_Ìṣẹ́yìn
Ọmọ mi, èmi gan-an ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún. Mo ní ó ń dùn mí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ló pọ̀ jù. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ gbẹ́sẹ̀, ariwo ìgbà tí mo ṣubú ni mò ń gbọ́. Mi ò lè sọ ọ́ fún àwọn ọmọ. Wọ́n á ní, "Màmá, ẹ gbìyànjú," èmi náà á ní ó ti rẹ̀ mí. Ìgbà tí físíò bi mí pé, "Àlájà, níbo lẹ fẹ́ dé?" ni nǹkan yí padà. Mo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n lè máa rí àwọn tó ń kọjá lọ ọjà. Ìṣísẹ̀ 5 lọ́jọ́ kìíní, 8 lọ́jọ́ kejì. Orí àga ni mo ti ń kírun títí dòní, ẹ̀sìn gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ bi Màmá níbi tí wọ́n fẹ́ dé. Ẹ má sì gba kàn-ìn-kàn-ìn lọ́wọ́ wọn nígbà ìwẹ̀, ibi tọ́wọ́ wọn bá dé, kí wọ́n fọ̀ ọ́.

Káfíńtà_Àpáta
Mo ti ṣe àga tí a lu ihò sí láàárín fún ènìyàn púpọ̀, a máa ń gbé e ka orí ṣáláńgá tàbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó rẹlẹ̀. Ẹ ká ẹní àti rọ́ọ̀gì kúrò lójú ọ̀nà, kí iná tó ń gba ṣájì wà nítòsí bẹ́ẹ̀dì wọn lóru.

Tèmítáyọ̀_Ìjẹ̀bú
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbà ló ṣe bàbá tèmi, apá ọ̀tún. Ṣé bákan náà ni?

Físíò_Bódìjà
Rárá, ó yàtọ̀. Èyí tí mo lè sọ láìrí Bàbá ni pé kí ẹnikẹ́ni má di apá tó rọ yẹn mú láti fà wọ́n dìde, ejìká lè yẹ̀. Ẹ fi ìrọ̀rí gbé apá náà dúró nígbà tí wọ́n bá jókòó. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kí eré ìmárale tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá lè dé UCH, ọsíbítù ńlá tó wà ní Ìbàdàn, ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbà wà níbẹ̀ láti ọdún 2012.

ỌmọMókọ́lá
Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo rí ìwé náà: orí egungun ni wọ́n pààrọ̀, wọ́n sì gbà kí Màmá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Físíò kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, mo ti rí ìwé àṣẹ rẹ̀. Mo bi Màmá níbi tí wọ́n fẹ́ dé. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n ní ìdí igi máńgòrò tó wà lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ti dìde lórí àga lẹ́ẹ̀mẹta lónìí. Ohun kan ṣoṣo: wọ́kà tí a yá ga jù, èjìká wọn ń gbé sókè.

Físíò_Bódìjà
Kí wọ́n dúró, kí ọwọ́ wọn rọ̀ sísàlẹ̀. Ibi tí wọ́n ń dì mú lára wọ́kà gbọ́dọ̀ bá ọrùn ọwọ́ dọ́gba. Bọ́tìnì kékeré wà lára ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tì í wọlé, iye ihò kan náà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ gbọ́ tí ó dún "kọ́" kí Màmá tó fara tì í. Wọ́kà ni kó kọ́kọ́ lọ, ẹsẹ̀ òsì tẹ̀lé e, ọ̀tún wá kẹ́yìn.