Ìbọn olójú ni, kì í ṣe ìbọn ọlọ́gbọ́n

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ti ka ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì tí ẹ fà kalẹ̀ láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) fún "smartgun", ìbọn tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ tó wà nínú ara ẹni tó ń yìn ín, nínú Shadowrun àti Cyberpunk RED, àwọn eré ìtàn orí tábìlì tí a ń fi dáìsì ṣe: "ìbọn ọlọ́gbọ́n" àti "àtamátàsé". Ẹ má bínú, n kò lè gba ìkankan nínú wọn.

"Àtamátàsé" wù mí gan-an, pàápàá níbí ní Kétu, ìlú Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n irọ́ ló ń pa. Nínú Cyberpunk RED, ení péré ni ẹ̀rọ yìí ń fi kún iye tí a bá ní. Bí ọ̀tá bá wà ní mítà 10, àròpọ̀ dáìsì àti ìmọ̀ọ́ṣe wa gbọ́dọ̀ ju 15 lọ kí ìbọn ìléwọ́ tó bà á. Bí dáìsì bá sì já sí 1, a óò tún un dà, a óò yọ iye tó bá mú wá kúrò. Mo ti tàsé báyìí rí, tèmi ti ẹ̀rọ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́!

"Ọlọ́gbọ́n" ńkọ́? Ìbọn náà kò ro nǹkan kan, ríríran ló ń ríran. Nínú Shadowrun, kàmẹ́rà wà lára rẹ̀; ibi tí ẹnu rẹ̀ kọ sí á máa hàn lójú ẹni tó dì í mú, pẹ̀lú iye ọta tó kù. Èèyàn lè fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri, kó na ìbọn nìkan síta, kó sì rí ọ̀tá.

Ẹ wo bí bàbá mi ṣe ń lo ṣakabùlà: á di ojú òsì, á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ìdí ìbọn, á sé èémí. Ìbọn ní ẹnu, ó ní ìdí, kò ní ojú. Ọdẹ ló ń yá a ní tirẹ̀. Èyí tí à ń sọ yìí ti ní tirẹ̀. "Ìbọn olójú" ni kó máa jẹ́. Ẹ̀rọ inú ara tó so ojú rẹ̀ àti ojú ẹni tó dì í mú pọ̀, ká pè é ní "ìsojúpọ̀".

Ẹnìkan lè ní à ń sọ pé jagunjagun kú lójú ìbọn. Iwájú ìbọn nìyẹn, "olójú" yàtọ̀.

Faransé ni àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń ṣeré fi ń pè é tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé mo kọ "ìbọn olójú" sórí bébà tí mo fi ń ṣeré. Kílẹ̀ tó ṣú, àbúrò tó kéré jù nínú wọn ti ń pe èyí tí ìsojúpọ̀ rẹ̀ já ní "ìbọn afọ́jú".