Rúlà ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ ni, àbí ìtàn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ ọnà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama, ó sì ti kan àwọn ayàwòrán Ítálì báyìí. Àwòrán Mẹ́talọ́kan tí Masaccio yà sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria Novella ní Florence, ní nǹkan bí ọdún 1427, ni mo fẹ́ lò. Ògiri pẹlẹbẹ ni o, àmọ́ ṣe ló dà bíi pé yàrá kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ìlà àjà yàrá náà ló ń lọ pàdé níbì kan ṣoṣo, nídìí àgbélébùú, ní ọ̀gangan ojú ẹni tó dúró ń wò ó. Egungun òkú wà nísàlẹ̀ pátápátá (ìyẹn làwọn ọmọ máa kọ́kọ́ rí, mo mọ̀ wọ́n).

Ṣé kí n kọ́kọ́ fi rúlà kọ́ wọn ní ọgbọ́n ìlà tó ń mú kí ohun pẹlẹbẹ dà bí ohun tó jìn, èyí tí Brunelleschi, ayàwòrán-ilé ará Florence, gbé jáde, tí ọ̀mọ̀wé Alberti sì kọ sínú ìwé ní 1435? Àbí kí n bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà yẹn tó ń padà sídìí ìwé Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́? Rúlà lọkàn mi fà sí, torí oorun ni ìtàn máa ń kùn wọ́n. Pátákó àti ṣọ́ọ̀kì nìkan la ní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ ọ rí, èwo lẹ fi ṣáájú?