Àròkọ àti kíka àyọkà fínnífínní ní SS2: níbo ni kí á ti bẹ̀rẹ̀?

TísàGẹ̀ẹ́sì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ojú ewé méjì fún àròkọ Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC, síbẹ̀ ìpínrọ̀ wọn kò lórí, kò nídìí. Tí wọ́n bá ka àyọkà, ṣe ni wọ́n ń da gbólóhùn inú rẹ̀ kọ. Kí ni ọ̀nà àbáyọ?

ÌyáSíkúù: Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ bí máàkì 50 ṣe pín: kókó ọ̀rọ̀ 10, ìtò 10, ìlò èdè 20, gírámà, sípẹ́lì àti àmì ìkọ̀wé 10. Ẹ má tíì béèrè ọ̀rọ̀ 450. Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo, gbólóhùn 5 sí 7, fún ọ̀sẹ̀ méjì: èkíní sọ kókó, èkejì ṣàlàyé rẹ̀, lẹ́yìn náà àpẹẹrẹ tó ṣeé fojú rí. Ìdí àpẹẹrẹ yìí gan-an ni wọ́n ti ń kùnà. Wọ́n á kàn tún kókó sọ lọ́nà míì.

Alákọ̀wé: Ní ti àyọkà, ìlà 12 ti tó. Kíkà àkọ́kọ́, kí bírò má kan ìwé. Ìkejì, kí wọ́n fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó gbàfiyèsí. Ìkẹta, ẹ bi wọ́n: kí ló dé tó fi jẹ́ “crept” ni òǹkọ̀wé lò, tí kì í ṣe “walked”? Kí wọ́n pa ìwé dé kí wọ́n tó kọ ìdáhùn. Àdàkọ kò ní ráàyè.

ÌyáSíkúù: Òótọ́ ni, ẹ ṣeun sà. Ẹ má sì fi bírò pupa kun gbogbo ìwé ọmọ. Irú àṣìṣe kan lọ́sẹ̀ kan, kó tún un kọ.