Kí lojú yín ti rí lọ́wọ́ púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ turbo? Ẹ gbọ́ tèmi ná

Ẹ̀yin ará, mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó ní ọkọ̀ turbo tí wọ́n ti tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ tò tí kò ní ìtàn kan lápò. Tèmi lórí púlọ́ọ̀gì, ohun kékeré tó ń tanná ran epo nínú sìlíńdà, rèé. Kò buyì kún mi, ṣùgbọ́n bó ṣe rí ni n ó ṣe sọ ọ́.

Ẹ́ńjìnnì lítà 2.0 ni, sìlíńdà mẹ́rin. Tẹ́lẹ̀, nǹkan bíi 0.8 bar (ìwọ̀n ìfúnpá afẹ́fẹ́) ni turbo, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, ń fẹ́ sínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un tò tán, ó di 1.3. Ọkọ̀ di ẹṣin. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbádùn ara mi. Lọ́jọ́ kan mo wà ní jíà kẹrin, mo tẹ tọ́rótù mọ́lẹ̀, bí abẹ́rẹ́ tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan ṣe fẹ́ kọjá 3,500 báyìí, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, gìrì, gìrì, gìrì, bí ẹni pé èèyàn kan ń fà á láṣọ lẹ́yìn. Iná ẹ́ńjìnnì orí dáṣíbọ́ọ̀dù wá ń ṣẹ́jú. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò, ara rẹ̀ balẹ̀. Mo rọra tẹ̀ ẹ́, ó ń lọ geere. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lórí ìdúró, ẹ ò lè mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí: bí iná yẹn bá ń ṣẹ́jú, ẹ má fi ipá sá a. Epo tí kò jó nínú sìlíńdà, inú ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́ ló ń lọ jó sí, owó ẹ̀rọ yẹn kì í sì í ṣe owó púlọ́ọ̀gì.

Mo ki sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe ọkọ̀, bọ̀ ọ́, ó ní P0303, ìyẹn ni pé sìlíńdà kẹta ò jóná bó ṣe yẹ. Mo yọ kọ́ìlì 3, ìyẹn ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì sìlíńdà kẹta ní iná. Ọ̀rá ọ́ìlì díẹ̀ wà lára rọ́bà rẹ̀, mo fi àkísà nù ún. Mo gbé e lọ sí 1, mo gbé ti 1 wá sí 3. Bó bá jẹ́ pé kọ́ìlì ló bàjẹ́, P0301 ló yẹ kó jáde. P0303 náà ló tún jáde. Ọlọ́gbọ́n ì bá ti fi ọ̀rọ̀ kọ́ìlì sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi lọ ra kọ́ìlì tuntun mẹ́rin. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Mo kì wọ́n sí i, mo jáde, abẹ́rẹ́ dé 3,500, ọkọ̀ wúkọ́.

Ni mo bá kọjú ìjà sí ẹni tó bá mi tún un tò. Mo pè é, inú ń bí mi. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó wá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: púlọ́ọ̀gì wo ló wà nínú rẹ̀, báwo ni àlàfo ẹnu rẹ̀ sì ṣe tó? Mo dákẹ́ lọ gbári. Gbogbo nǹkan tó ń dán lára ọkọ̀ yẹn ni mo mọ orúkọ rẹ̀, àfi èyí.

Ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù pátápátá, mo tú wọn. (Orí ẹ́ńjìnnì alumíníọ̀mù tó ṣì gbóná, tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ìyẹn ìlà tí púlọ́ọ̀gì ń yí wọ̀, lè bá púlọ́ọ̀gì jáde.) Mo ti kọ́kọ́ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ihò wọn, torí gbogbo ìdọ̀tí tó bá wà níbẹ̀, inú sìlíńdà ló ń já sí bí púlọ́ọ̀gì bá kúrò. Àwọn tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ ṣì ni. 0.8 mm ló yẹ kí àlàfo wọn jẹ́. Mo wọ̀n ọ́n: 1.0, 1.0, 1.1, 1.0. Iná ti jẹ ẹnu wọn lọ díẹ̀díẹ̀.

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí. Iná púlọ́ọ̀gì fò ni, láti ẹnu kan sí èkejì. Bí afẹ́fẹ́ àárín wọn bá ṣe ń fún mọ́ra sí i, bẹ́ẹ̀ ni fífò yẹn ń le sí i, agbára tí kọ́ìlì gbọ́dọ̀ rí sì ń pọ̀ sí i. Lórí ìdúró, afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà kò tó nǹkan, iná á fo 1.1 mm láìwẹ̀yìn. Ẹ tẹ tọ́rótù, kí turbo gbé 1.3 bar wọlé, kí písítínì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú sìlíńdà, tún un fún mọ́lẹ̀: àlàfo yẹn ti di odò ńlá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún ọkọ̀ turbo tò fi ń dín in sí 0.6 tàbí 0.7.

Mo ra òmíràn tó fi ìpele kan tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tútù níbí kò kan iná rẹ̀ o. Bó ṣe ń yára gbé ooru ẹnu rẹ̀ fún orí ẹ́ńjìnnì ni. Bí ẹnu rẹ̀ bá gbóná jù, òun fúnra rẹ̀ á máa tanná ran epo kí àsìkò tó tó, ìyẹn sì lè dá ihò sí písítínì lára. Ẹ ṣọ́ nọ́ńbà dáadáa: lára púlọ́ọ̀gì ilé iṣẹ́ NGK, èyí tó ga ló tutù, 7 tutù ju 6 lọ. Ilé iṣẹ́ Bosch dà á rú, èyí tó kéré ló tutù lọ́dọ̀ tiwọn.

Nọ́ńbà 11 tó wà ní ìparí orúkọ èyí tí mo rà, 1.1 mm ló ń wí. Ká ní bó ṣe ti inú páálí jáde ni mo ṣe kì í, ibi tí mo ti ń bọ̀ náà ni mo tún padà sí. Mo rọra dín wọn sí 0.65. Irin òde nìkan ni mo fọwọ́ kàn; ẹnu àárín tó jẹ́ iridium tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, bí ẹ bá tì í, ó kán nìyẹn. Mo fi ọwọ́ lásán yí wọn wọlé títí wọ́n fi jókòó, mo wá fi torque wrench, sípánà tó ń wọn bí ìdì ṣe le tó, dì wọ́n sí 27 Nm. Tẹ́rẹ́ẹ̀dì 14 mm tó ní òrùka ni tèmi, 25 sí 30 ni wọ́n kọ fún un.

3,500, ó kọjá. 4,500. 6,000. Kò wúkọ́ mọ́.

Kọ́ìlì àtijọ́ mẹ́rin wà nínú páálí, wọ́n ń wò mí. Ẹni tó kàn, ó yá.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire. Tiyín tún dáa. Èmi ni mo fi gíríìsì onírin sára tẹ́rẹ́ẹ̀dì, ẹnìkan ló ní kò ní jẹ́ kó dì mọ́bẹ̀. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti fi nǹkan tó ń dán bo tẹ́rẹ́ẹ̀dì púlọ́ọ̀gì yẹn láti ilé iṣẹ́, kò sì nílò gíríìsì kankan. NGK fúnra wọn sọ pé ká má fi sí tiwọn. Tẹ́rẹ́ẹ̀dì tó ń yọ̀ á jẹ́ kí ìdì kọjá ohun tí torque wrench ń kà. Èmi ò tilẹ̀ lo torque wrench. Sípánà ọlọ́wọ́ gígùn ni mo lò, pẹ̀lú gbogbo agbára mi.

Ìgbà tí mo wá tú u, ó ń han, ó ń han, ó wá yọ wẹ́rẹ́. Inú mi dùn. Mo wo púlọ́ọ̀gì, tẹ́rẹ́ẹ̀dì orí ẹ́ńjìnnì ló lọ́ mọ́ ọn lára bí okùn. Mẹkáníìkì gbẹ́ ihò náà fẹ̀, ó yí tẹ́rẹ́ẹ̀dì onírin tuntun sínú rẹ̀. Odidi ọjọ́ kan ló fi ń fa èérún irin jáde. Ọkọ̀ náà ṣì ń bá mi lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ kí sípánà han báyìí, àyà mi á là.

* * *

Èmi ò fọwọ́ kan tèmi rí o. Ọkọ̀ ti rin 70,000 kìlómítà, ọdún kejì rèé tí wọ́n tún un tò. Kò sì ṣe nǹkan kan.

* * *

Ẹni tó ní 70,000, lọ tú u lónìí, jọ̀ọ́.

Àbúrò tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, o ṣe é. Ṣùgbọ́n má tíì ju àwọn àtijọ́ yẹn nù, tò wọ́n sórí tábìlì ní nọ́ńbà-nọ́ńbà, kí o kà wọ́n. Aláwọ̀ eérú tàbí tó pọ́n díẹ̀, ara le nìyẹn. Dúdú tó gbẹ bí èédú, epo pọ̀ jù. Èyí tí mi ò fẹ́ rí ni èyí tó funfun, tí nǹkan dúdú tàbí tó ń dán tó dà bí ata lílọ̀ wọ́n sí i lára. Alumíníọ̀mù písítínì ni èyí tó ń dán yẹn. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan rí. Epo onínọ́ńbà 98, tó ń fara da ìfúnmọ́ra ju 95 lọ, ni wọ́n tún ọkọ̀ náà tò fún, 95 ni mo ń rà, mo ní kí ni ìyàtọ̀. Mo tètè padà sẹ́yìn ni.

Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ní 60,000 kìlómítà ni kí n máa pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ ìwé yẹn fún kọ́ ni mo ń wà mọ́. 20,000 ni tèmi. Ọ́ìlì, 5,000, mi ò sì ra èyí tí kò ní àmì API SP, ìpele ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kan, lára. Ọdún 2020 ni ìpele yẹn jáde, ara iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dín iná òjijì kù nínú ẹ́ńjìnnì turbo tó ń fún epo tààrà sínú sìlíńdà, èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí èèyàn bá tẹ tọ́rótù pa nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí lọ́ra.

Ohun tí kò tíì yé mi rèé: àlàfo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti fẹ̀, kí ló dé tó jẹ́ 3 nìkan ló ń pè ọ́? O ní ọ̀rá wà lára rọ́bà kọ́ìlì, o nù ún, o kọjá lọ. Ọ̀rá wo? Bó bá wà lókè lára amọ̀ funfun púlọ́ọ̀gì, òkè ló ti ń jò. Bó bá wà lẹ́nu tó ń jó, ríìngì písítínì tàbí síìlì fáàfù ló ń jẹ́ kí ọ́ìlì wọ inú sìlíńdà, ìyẹn sì le. Lọ wò ó.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, mo lọ wò ó láàárọ̀ yìí. Mo tan iná sínú ihò 3: ọ́ìlì ti rọ́ sí ìsàlẹ̀, ó yí ọrùn púlọ́ọ̀gì tuntun ká. Ihò 1, 2 àti 4 gbẹ táútáú. Mo yọ púlọ́ọ̀gì náà, ẹnu rẹ̀ mọ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì ló ń jò. Rọ́bà kọ́ìlì tuntun tí mo kì síbẹ̀ ti wú, ó ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀.

Mo ti ra gásíkẹ́ẹ̀tì. Kọ́ìlì àtijọ́ tó wà nínú páálí náà ti rí iṣẹ́: rọ́bà ti nọ́ńbà 2 ni mo yọ wọ kọ́ìlì tuntun náà.