Káàdì róbótó tó ní fótò olú 14, báwo lẹ ṣe ń wò ó?

ỌmọÀgbẹ̀: Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Dọ́là kan ni mo fi ra káàdì róbótó kan níbi tí wọ́n ti ń ta ọjà àlòkù níbí ní Amẹ́ríkà, View-Master ni wọ́n kọ sí i lára. Fótò tíntìntín 14 ló yí i po, olú ni gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo gbé e sókè sí iná mo rí i pé 7 péré ni, méjì méjì ni wọ́n ṣe ìkọ̀ọ̀kan. Ṣé wọ́n ṣèèṣì ni?

BabaFótò: Wọn ò ṣèèṣì o. Ìbejì ni wọ́n, tẹjú mọ́ ọn wàá rí i pé ọ̀kan yà díẹ̀ sí èkejì. Ọ̀kan fún ojú ọ̀tún, ọ̀kan fún tòsì, tí ọpọlọ bá ti pa méjèèjì pọ̀ báyìí olú yẹn á dìde bí ẹni pé kó o fà á tu. William Gruber ló ronú View-Master, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ojú méjèèjì wo irú káàdì yìí, ọmọ Jámánì ni tó ń tún dùùrù ṣe ní Portland, ó jáde ní 1939, òun náà ló tún lọ ń ya olú pẹ̀lú Alexander Smith, onímọ̀ olú ní Yunifásítì Michigan, tí wọ́n sì gbé káàdì 33 jáde lórí olú nìkan ní 1949. Ó lè jẹ́ ara ẹ̀ lo rà yẹn. Ẹ sì mọ olú, tó bá ti gbẹ ó ti sún kì, àwọ̀ ẹ̀ ti lọ, fótò pẹlẹbẹ náà ò sì lè jẹ́ kó o mọ bí àwọn ìlà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ abẹ́ ẹ̀ ṣe jìn tó, ìdí tí wọ́n fi ya ìbejì nìyẹn.

Àdùkẹ́: Háà, ẹ̀rọ yẹn, ṣé kì í ṣe èyí táwọn alhaji máa ń mú bọ̀ láti Mẹ́kà? Ìjà la máa ń jà lé e lórí nílé wa 😂

BabaFótò: Ó jọ ọ́, àmọ́ tiwa nígbà yẹn ojú kan péré ló ń gbà, kò lè dìde.

Ọ̀gán_Olú: Mo ti fi fóònù ya irú ìbejì yẹn rí o, olú tó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gán. Ya ọ̀kan, sún fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́, má yí i o, ya èkejì. Tí olú bá jìnnà tó 30cm, 1cm ni kó o sún, èmi sún un jù lákọ̀ọ́kọ́, orí fọ́ mi. Ewéko ṣòro torí atẹ́gùn, ẹran ńkọ́, ìgbín nìkan ló dúró dè mí, alángbá ti sá kí n tó tẹ ìkejì.

ỌmọÀgbẹ̀: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé kí n wá gé káàdì yẹn kí n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn?

BabaFótò: Jọ̀ọ́ má gé e!! Ìbejì kọ̀ọ̀kan dojú kọ ara wọn lódì kejì káàdì, bó ṣe yẹ kí wọ́n bọ́ síwájú ojú méjèèjì nìyẹn. Padà lọ síbi tó o ti rà á, wá ẹ̀rọ ẹ̀, èyí tí wọ́n ń tà fọ́mọdé pàápàá á gbà á.